Tábìlì Ọ̀gánwó Àwọn Tarrowby

Èmi kọ́ ni mo ra tábìlì náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Dacula nílẹ̀ òyìnbó níbí, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tí mo máa ń pè ní Aunty, ló rà á níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ England ní gbàǹjo, ó sì ní kí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Riverdale. Géńdé mẹ́rin ló gbé e wọlé. Pátákó ọ̀gánwó kan ṣoṣo ni, kò sí ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ igi mọ́gi. Látìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà n'Íbàdàn, irú rẹ̀ kò tíì kọjá lọ́wọ́ mi rí.

Aunty ní kí n gé e.

"Uncle, dining room mi ò gbà á. Orí ẹ̀, níbi tí Lord tó ni ín tẹ́lẹ̀ máa ń jókòó sí, ni mo fẹ́. Ẹ bá mi gé ìsàlẹ̀ yẹn kúrò."

Mo ní ìwà ìkà ni. Ó ní bí n kò bá gé e, ẹlòmíì á gé e. Mo mọ ẹni tí ì bá gbé e fún, ẹni tó ń ya igi bí ẹní ń ya bébà. Mo gba iṣẹ́ náà, inú mi kò dùn sí i.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ gé e ni ìyá òyìnbó kan wọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Redan. Ó ní Margaret Tarrowby lorúkọ òun, ilé bàbá òun ni tábìlì náà ti wá, òun tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Aunty, Aunty ló sì ní kí òun wá wò ó. Ó fọwọ́ pa á lára, ó ń pìtàn. Ọba kan ló fún baba ńlá wọn nílẹ̀ nítorí ogun. Abúlé mẹ́rin wà lábẹ́ wọn, wọ́n sì tún ní oko ìrèké ní erékùṣù kan lókè òkun, níbi tí igi náà ti wá.

"Ta ló gé e?" ni mo bi í.

"Baba ńlá mi ló ní kí wọ́n gé e."

"Ẹni tó gé e ni mo ń béèrè."

Irú wa, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ló gé e, lábẹ́ pàṣán, àwa méjèèjì sì mọ̀. Inú bí mi sí i gidi.

Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé òun nìkan ni bàbá òun bí. Nítorí pé òun jẹ́ obìnrin, ọmọ àbúrò bàbá òun tó jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n gbé ilé, ilẹ̀ àti oyè fún. Ìyẹn sì tà á tán pátá, ó di hòtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, àwọn Tarrowby fi sí i. Nílé wa, béèrè ni à ń pe àgbà obìnrin inú àwọn ọmọ, a kì í ta ẹrù ẹbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Mo pe Aunty.

"Aunty, ẹ má bínú, béèrè ilé náà ti dé o."

"Béèrè wo? Òyìnbó náà ń ní béèrè? Uncle, mo wà ní shift, abeg. Mo ti sanwó mi. Ẹ gé e. Ìsàlẹ̀ tó bá kù, kó máa gbé e lọ."

Mo sọ ọ́ fún ìyá òyìnbó náà bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín kíkorò.

"Ìsàlẹ̀ ni àwọn obìnrin máa ń jókòó sí," ó ní. "Ibẹ̀ ni àyè mi."

Igi tó wúwo báyìí, bí ó bá kù díẹ̀ kí ayùn gé e já, ìwúwo rẹ̀ lè fà á ya. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé apá ibi tó fẹ́ já dání. Èmi nìkan ni mo ń ṣiṣẹ́, mo sì sọ fún un pé kó máa lọ, mo máa wá ẹni tó máa dì í mú. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Níbo ni kí n ti dì í mú?"

Mo fi hàn án. Mo rẹ́ igi náà díẹ̀díẹ̀, n kò gbójú sókè wò ó. Ayùn gé e já. Gbogbo ohun tó kàn án nínú ogún bàbá rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó kan ilẹ̀.