Fáànù Kékeré Kan ní Katako

Onílé ti sọ tirẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ Iléyá tó wọlé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn sinimá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àdúgbò Talladjé ní Niamey, ó mú ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì dání, ọkùnrin náà sì ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ bí ẹni pé a ti kó jáde.

“Hájíyà,” onílé ní, “mi ò bá yín jà. Ìpín tèmi nínú owó ìwọlé ni mò ń jẹ. Bí ẹ̀rọ yín bá ń kú lójoojúmọ́ báyìí, kí ni mo máa jẹ? Bí Iléyá bá dé tí kò sí àwòrán lára ògiri yìí, sìmẹ́ńtì á wọlé.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí oní-sìmẹ́ńtì rọra o, kó má fi ẹsẹ̀ kọ àga òun. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó tún àga náà tò.

Ọkọ rẹ̀ ló dá sinimá náà sílẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ wà ní Niamey gba ẹ̀gbọ́n mi níyànjú pé kó ta gbogbo rẹ̀, kó gbájú mọ́ aṣọ tó ń tà. Ó ń ta aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, á ti ṣọ́ọ̀bù, á wọ takisí lọ sí Talladjé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Ògiri ìta gbọ̀ngàn náà kún fún pósítà àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹgbẹ́ kan á lẹ tirẹ̀, òmíràn á lẹ tirẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ya èyíkéyìí, ó ní gbogbo wọn ló ń wo sinimá. Èmi ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Èmi ni mo máa ń ka ìwé ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri fún un, nítorí Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gílóòbù ló máa ń ba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Gílóòbù inú rẹ̀ máa ń gbóná gan-an, fáànù kékeré kan tó rí bí ìkarahun ìgbín ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Eruku ọyẹ́ ti wọ inú fáànù tiwa, ó sì ti há a. Bí fáànù bá ti dúró, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ohun tó yẹ kó ṣe ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún èrò tó ti sanwó, tí òkùnkùn bò mọ́lẹ̀ láàárín fíìmù.

Mo pe ilé ìtajà kan ní Kútọnu. Wọ́n ní wọn kì í ta fáànù nìkan, àfi odidi àpótí tó gbé e, àti pé ẹ̀yìn Iléyá ni yóò tó dé. Oníṣẹ́ rédíò tó wà ní òdìkejì títì bá wa wá òmíràn, èyí tí wọ́n tú nínú kọ̀ǹpútà. Ó yí dáadáa. Gílóòbù tàn, inú wa dùn. Kò pẹ́, ẹ̀rọ kọ ọ́ sára ògiri pé fáànù kò ṣiṣẹ́, ó sì kú.

“Irọ́ ló ń pa!” ẹ̀gbọ́n mi pariwo. “Ṣebí ojú wa ló ṣe ń yí!”

Kò parọ́. Wáyà mẹ́ta ló wà lára fáànù àtijọ́, méjì péré ló wà lára tuntun. Méjì ń gbé iná wọlé, ìkẹta ló ń jíṣẹ́ fún ẹ̀rọ pé fáànù ń yí. Èyí tí a rà ń ṣiṣẹ́, kò kàn ní ọ̀nà tó lè fi sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Oníṣẹ́ rédíò wá rántí pé ọkùnrin kan wà ní ọjà Katako tó ń ra àwọn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ní ọ́fíìsì, tó ń fọ́ wọn fún bàbà àti irin inú wọn. Ó ní òun rí ẹ̀rọ tó jọ tiwa níbẹ̀. Bí a ṣe wọ takisí nìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la. Àgbò kan wà lórí takisí náà, wọ́n so ó mọ́lẹ̀, ó ń ké ní gbogbo ọ̀nà. Fáànù wa tó ti kú wà nínú àpò mi.

“Tísà,” ẹ̀gbọ́n mi ní, “tí a bá débẹ̀, má wo ohun tí a fẹ́. Má yọ ti inú àpò rẹ yẹn rárá. Bí ọkùnrin yẹn bá mọ̀ pé a nílò rẹ̀, iye tí kò sí lọ́wọ́ wa ló máa pè. Tí o bá rí i, wúkọ́.”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wáyà mẹ́ta ló ní tí mi ò bá wò ó?”

“Wò ó bí ẹni tí kò wò ó. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin tísà ṣe ń wo ọmọ tó ń jí ìwé wò ni?”

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà lábẹ́ àtíbàbà. Òkìtì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti tẹlifíṣọ̀n wà níwájú rẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ sì ń fi òòlù fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Mo rí i: àpótí funfun kan, igun rẹ̀ kan ti fọ́. Mo yọjú gba ẹnu ihò rẹ̀. Ìkarahun ìgbín nìyẹn, pẹ̀lú wáyà pupa, dúdú àti yẹ́lò.

Mo wúkọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè iye áyọ́ọ̀nù kan. Ó ní ó wọ́n. Ó bèèrè tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kò dára. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ tọ́ka. “Àpótí tí ẹ sọ sílẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Hájíyà, sinimá nìyẹn o! Ẹ bọ̀wọ̀ fún un.” Ó pe iye kan.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. “Ṣé fíìmù wà nínú rẹ̀ ni, àbí àwọn òṣèré?”

“Bàbà inú rẹ̀ àti irin rẹ̀ nìkan ju ohun tí ẹ fẹ́ san lọ.”

Wọ́n fà á títí. Kò rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọn ìborùn rẹ̀, ó mú mi lọ́wọ́, a sì ń lọ. Ẹni tó bá mọ ọjà mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìbínú. Ara ìdúnàádúrà ni: ẹ máa lọ, ẹni tó ń tajà á pè yín padà.

“Kò tíì pè wá,” mo ní.

“Á pè. Má wẹ̀yìn.”

Kò pè. Mo gbọ́ tó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ ní Hausa pé kó ṣe kíá, ọkọ̀ tó ń kó irin ti ń bọ̀, òun sì fẹ́ lọ ra àgbò. Òòlù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó tún dún, ike sì fọ́ yángá.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. “Ṣé òun nìyẹn?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ ní kí n má wẹ̀yìn.”

Ó yí padà, ó sì sáré. Mi ò tíì rí i kó sáré rí láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ó gba àárín àwọn àgbò tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kọjá, ìborùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dé ìdí òkìtì náà, ó sì jókòó lé àpótí funfun náà tí òòlù kò tíì kàn lórí, gbáà.

Òòlù wà lókè. Ẹni tó gbé e kò mọ ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí.

“Hájíyà, kí ló dé?” ẹni tó ni òkìtì náà bèèrè.

“Ó rẹ̀ mí. Mò ń sinmi.”

“Ẹ sinmi lórí táyà.”

“Ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Ó ní iye àga tí Hájíyà jókòó lé yìí ti yí padà o. Ó sì pe iye tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé kò ní i. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo yọ fáànù tó ti kú síta.

“Èyí nìkan la fẹ́,” mo sọ fún un ní Hausa. “Ẹ mú bàbà, ẹ mú irin, ẹ fọ́ ìyókù.”

Ó gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. “Ẹyọ èyí? Ṣé ohun tí à ń jà lé lórí láti àárọ̀ nìyí? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Tísà ni kò jẹ́ kí n sọ,” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, kò sì dìde.

Iye tó wá pè, ẹ̀gbọ́n mi san án láì dúnàá. Wọ́n fẹ́ fi òòlù ṣí àpótí náà, ó ní òun ò ní dìde àfi tí wọ́n bá mú irin tí wọ́n fi ń tú bóòtù wá. Wọ́n yá a lọ́wọ́ alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́. Nígbà tí fáànù jáde, mo fi ìka ta á. Ó yí, ṣùgbọ́n ó ń ha ìkarahun rẹ̀ díẹ̀.

Oníṣẹ́ rédíò so wáyà rẹ̀ ní àwọ̀ sí àwọ̀. A ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, a tan ẹ̀rọ. Gílóòbù tàn. A kọjá ibi tó ti máa ń kú. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára ògiri, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni.

Lọ́jọ́ Iléyá, àga kò tó. Àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Onílé dé, ó fẹ́ wọlé tààrà, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ dí i lọ́nà.

“Tíkẹ́ẹ̀tì.”

“Hájíyà, ilé mi nìyí.”

“Ilé yín ni. Fíìmù tèmi ni.”

Ó sanwó. Ó dúró sẹ́yìn títí fíìmù fi parí, nítorí kò ríbi jókòó, ó sì lọ láì dárúkọ sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní fíìmù náà dùn. Èmi ò lè jẹ́rìí sí i. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni mo wà, mo tẹ́ ọwọ́ sẹ́nu ihò rẹ̀, mò ń gba atẹ́gùn gbígbóná tó ń jáde, mi ò sì gbé e kúrò títí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn.