Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ sí Ojú Họ́ọ̀mù

Ọmọbìnrin tí ọmọ mi fẹ́ fi ṣaya kúnlẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ Sátidé kan, inú mi ò sì dùn sí i rárá. Ẹ má tíì bú mi o. Orí pápá ló ti kúnlẹ̀, pẹ̀lú ìbòjú onírin lójú àti ìbọ̀wọ́ aláwọ ńlá lọ́wọ́, èmi náà sì ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló da ilé wa rú fún odidi ọjọ́ márùn-ún.

Láti ìgbà tí mo ti wà lákẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń ṣeré sọ́fúbọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo jáde, wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní ọ́fíìsì, mi ò sì kúrò nílùú mọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Òkè-Ogbò ní Ifẹ̀ yìí la kọ́lé sí. Lọ́dọọdún, àwa obìnrin tá a ti ṣeré yìí nígbà èwe máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é lọ́wọ́ figagbága. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè wá ní Ẹgbẹ́ Màmá. Wọ́n ní eré lásán ni. Èmi ò mọ eré lásán. Bí mo bá ń ta lúdò pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà, mi ò ní fi í sílẹ̀ kó borí mi.

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí, kò le. Ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù yóò sáré yí ibùdó mẹ́ta ká, yóò sì padà wá tẹ rọ́bà funfun kan tó wà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà yẹn là ń pè ní họ́ọ̀mù. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni káṣà. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí káṣà, tó sì fi kàn ọ́ lára kó o tó tẹ họ́ọ̀mù, wàá jáde. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dí ọ lọ́nà. Bó bá dí ọ, ọ́ńpáyà, ìyẹn adájọ́ eré, á na ọwọ́ òsì, á pè é ní ìdínà, á sì kà á fún ọ bíi pé o dé ilé.

Ó ku ayò kan péré ká borí wọn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo wà ní ibùdó kẹta. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, orúnkún mi ọ̀tún sì máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ẹgbẹ́ mi kan gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n pariwo pé, “Màmá, ẹ máa bọ̀!” Mo gbéra. Bí mo ṣe sún mọ́ họ́ọ̀mù ni ọmọbìnrin yìí, káṣà wọn, fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ òsì sójú ìlà. Mo kọ lù ú gbàgà. Àwa méjèèjì ṣubú, eruku bo wa, bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí wa. Ọ́ńpáyà na ọwọ́ òsì. Baba kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, láti Ìpetumodù ló ti máa ń gun ọ̀kadà wá. “Ìdínà!” A borí.

Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń kí!” Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ẹgbẹ́ mi gbé mi sókè bí ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ṣí fìlà, ó wò ó lójú, ó ní, “O ti tà wá fún ìyá ọkọ ẹ.” Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin náà ò dáhùn. Ó mú ìbòjú rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn gan-an ló kó ìfura sí mi lára. Bí wọ́n bá purọ́ mọ́ èmi, wọ́n á gbọ́ ohùn mi ní Mọ̀dákẹ́kẹ́!

Kí n má parọ́, mo ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀. Ọmọ àdúgbò Ìlódè ní Ifẹ̀ níbí ni, baba rẹ̀ ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, òun náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, kí ló ń rò? Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù nínú pálọ̀ mi, èdè Ifẹ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nílùú yìí, síbẹ̀ bí wọ́n bá ki í mọ́lẹ̀, ààbọ̀ ni mò ń gbọ́. Màá kọjú sí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, etí mi á ti nà. Lọ́jọ́ kan ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù. Mo bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kò sí, Mà.” Kò sí kẹ̀? Ṣé èèyàn máa ń rín kò-sí ni? Ìfura loògùn àgbà, mo sì ń lo oògùn mi déédéé.

Lọ́jọ́ kejì, tá a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà gorí tábìlì oúnjẹ. Ọkọ mi, tíṣà ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí kì í fẹ́ fi ìwọ̀n wọ̀n. Ó gbé ike iyọ̀ síwájú, ó ní họ́ọ̀mù nìyẹn. Ó fi ṣíbí ṣe ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Ó wá mú egungun ẹran kan láti inú àwo rẹ̀, ó ní èmi nìyẹn.

“Egungun?” ni mo wí.

Ọkọ mi ní, “Jẹ́ n ṣàlàyé ná, Mọ́mì. Ní ayé tiwa, bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ káṣà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró sójú ọ̀nà. Ọ́ńpáyà ṣàṣìṣe.”

Ọmọ wa ti fa fóònù rẹ̀ yọ. “Dádì, wọ́n ti yí òfin yẹn padà. Àfi kí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an. Baba yẹn tọ̀nà.”

“Ta ló bi yín ní ti baba yẹn?” Mo ti ń gbaná jẹ. “Ohun tó wà nínú ọmọ yẹn ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ dá ni?”

“Mọ́mì, ó ń kí yín ni,” ni ọmọ mi wí.

“Kíkí ni? Ẹni tó ń kíni ló ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ báyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ìlódè nìyẹn?”

Ọkọ mi ní kí n rọra, pé ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré ká lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn èèyàn rẹ̀. Mo ní mi ò lọ ibì kankan, títí ọmọ yẹn yóò fi wá jẹ́wọ́ fún mi lójúkorojú. Ọkọ mi ní òun ò lè dá lọ bí ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀. Ọmọ mi ti àwo iyán rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dìde, kò jẹun mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò yí ohùn padà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọmọ mi padà dé láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà pẹ̀lú ojú wíwú. Ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn sọ fún mi pé kíkí ló ń kí mi, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ọmọbìnrin náà kọ̀. Ó ní òun ò ní purọ́. Wọ́n jà, ó sì ní bí òtítọ́ ò bá lè wọ ilé wa, òun náà ò wọ̀ ọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Mo ní, “Ẹ rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀!” Ọmọ mi wò mí, ó wọ yàrá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, mo bá ọ́ńpáyà pàdé níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo kí i, mo wá fi ọgbọ́n bi í pé ṣé ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Baba náà nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ohun tí mo rí ni mo pè, Mà. Èyí tí mi ò rí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n.”

Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà. Mo ro ó títí mo fi délé, mo bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Bọ̀ ni ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ wá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, láti ibi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì rí bándéèjì lórí orúnkún rẹ̀ òsì. Mo fún un lómi, èmi kì í ṣe ẹranko. Ọkọ mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ mi ò tíì dé. Mo jókòó kọjú sí i.

“Ṣé kíkí lo ń kí mi lọ́jọ́ Sátidé?”

“Rárá, Mà.”

“Kí lo wá ń ṣe?”

“Mò ń dí yín lọ́nà, Mà. Mo rò pé bọ́ọ̀lù á ti wọ ọwọ́ mi kí ẹ tó dé. Kò tètè dé. Àṣìṣe tèmi nìyẹn.” Kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. “Bó bá jẹ́ ìyá tó bí mi ló ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ṣe. Ẹ dárí jì mí pé ẹ ṣubú.”

Mo ti mú ìbínú kalẹ̀ dè é láti ọjọ́ Sátidé, mi ò wá rí ibi tí màá dà á sí. Irọ́ ni mo ń retí. Irọ́ ni mo fẹ́, kí n lè fi mú un. Mo wá ibòmíì gbà yọ sí i.

“Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ, tí wọ́n ní o tà wọ́n?”

Ó gbé ife omi náà kalẹ̀. Mo ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ilé mi nibí.

“Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, Mà, mi ò ní lè sọ ọ́ lábọ̀,” ló wí. “Ẹsẹ̀ òsì mi nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yìn mi ṣófo. Ẹ rí i, Mà. Ẹ ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wá bojú wẹ̀yìn, ẹ rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, ẹ sì yí padà wá kọ lù mí.”

Háà. Ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Bí mo bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ yí, bọ́ọ̀lù á bá mi. Mo ti pẹ́ nídìí eré yìí. Mo mọ̀ pé bí mo bá forí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, tá a jọ ṣubú, ọ́ńpáyà á pè é fún mi. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tí mo fi rò ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tó wà nínú ọmọ ọlọ́mọ, nítorí mo mọ ohun tó wà nínú tèmi. Ojú tì mí, ó tì mí débi pé etí mi ń gbóná.

Síbẹ̀, ìwà kì í tètè fini sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, “Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”

“Kò sí, Mà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́.”

“Ta lo ti sọ ọ́ fún?”

“Mi ò sọ fún ẹnì kan.”

“Ọmọ mi ńkọ́?”

“Ìyá rẹ̀ ni yín,” ló wí, ó sì mú báàgì rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọmọ mi wọlé, baba rẹ̀ tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ mi wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ṣé o ti bẹ Mọ́mì?” Ọmọbìnrin náà ní, “Mo ti bẹ̀ wọ́n.” Kò fi nǹkan kan kún un. Ó dorí kodò, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i kedere pé bí mo bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ náà á bá a lọ sí Ìlódè, kò sì ní padà wá. Òun náà ò sì ní padà wá.

“Èmi ni mo kọ lù ú,” ni mo wí. “Àyè wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí àyè náà, mo sì yà kúrò níbẹ̀ lọ bá a, torí pé mo fẹ́ borí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò tó tèmi.”

Ọmọ mi fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mi ò rí irú ojú yẹn lójú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bí i, mi ò sì gbàdúrà àtirí i mọ́. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra ní, “Ṣé kí n pe àwọn ará Ìlódè, kí n sọ pé à ń bọ̀?”

“Ẹ pè wọ́n,” ni mo wí, “ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé à ń bọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ ká wá.”

Ọmọbìnrin náà ti ń wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìdáhùn sílẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀.