Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Gbé Ohùn Bàbá Kan Mì

Ariwo náà kò tíì kúrò létí mi dòní: ṣààà, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù tí kò dáwọ́ dúró. Pálọ̀ kan ní Bódìjà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí CD ti ń wọlé sílé àwọn tó rí ṣe ṣùgbọ́n tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nílé gbogbo wa. Mo ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Dùgbẹ̀, níbi tí a ti ń tún rédíò ṣe, tí a sì ń bá àwọn ènìyàn to ẹ̀rọ orin sí pálọ̀ wọn. Iṣẹ́ kan péré ló kù kí n gbòmìnira. Ọ̀gá mi ní kí n dá a ṣe: bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá yìn mí, òun yóò pe àwọn ẹgbẹ́ òun wá gbàdúrà fún mi, bí kò bá yìn mí, kí n má tíì ra bàtà tí mo fẹ́ fi ṣayẹyẹ. Mo sì ti rà á.

Etí àti ọwọ́ ni ọ̀gá mi fi ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wọ pálọ̀, àtẹ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ pa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò wá dákẹ́, yóò máa gbọ́ bí ògiri ṣe ń dá a lóhùn. Yóò fa sípíkà kúrò ní igun ilé, yóò ní kí wọ́n ta kọ́tìnnì tó nípọn, lẹ́yìn náà ni yóò tó máa ti àwọn bọ́tìnnì ikuláísà sókè sódò, àwọn tó ń bu béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó jìn, kún orin tàbí tó ń dín in kù, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Odidi ọ̀sán ló lè lò sórí pálọ̀ kan. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀gá mi ti di ará àtijọ́.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ni iṣẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó ṣáájú. Béèsì ni bàbá náà ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì ti gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan níbi tó ti dá orin kọ. Wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà ọdún kan fún un lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà kádìí ètò. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló fi ikuláísà tuntun kan ránṣẹ́, irú èyí tó ń to ara rẹ̀. Ó ní máíkì kékeré kan. Èèyàn á gbé máíkì náà sáàárín yàrá, ẹ̀rọ á pariwo, á fetí gbọ́ ohun tí yàrá fi ariwo náà ṣe, á sì to gbogbo bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ka ìwé tó bá a wá, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Lọ́jọ́bọ̀ tí mo lọ tò ó, iná ti lọ láti àárọ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé pálọ̀, ó ń kùn hùùù, ilẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ta ló ka ìyẹn sí? Ariwo jẹnẹrétọ̀ ti mọ́ wa lára nÍbàdàn débi pé etí wa kì í gbọ́ ọ mọ́. Mo gbé máíkì sórí àga tí bàbá náà máa ń jókòó lé, mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ pa ṣààà, àwọn iná pupa kéékèèké sáré lọ sókè sódò, wọ́n sì dúró. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn?" ni ìyá náà bi mí. "O ò ní fi kásẹ́ẹ̀tì náà dán an wò?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Mà. Ẹ̀rọ yìí gbọ́n ju ènìyàn lọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò tíì gbọ́ ọ látìgbà tí bàbá wọn ti lọ. Mo ń pa á mọ́ de ọjọ́ Sátidé."

Mo fọ́nnu fún ọ̀gá mi nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ṣé iná wà nígbà tí o ṣe é?" Mo ní jẹnẹrétọ̀ ni. Ó wò mí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ń ro ohun tí ó rí tí èmi kò rí, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí n bi í. Inú takisí ní Sátidé ni ó tó yé mi: ẹ̀rọ kò mọ jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀ sí ògiri. Ó gbọ́ hùùù yẹn, ó rò pé béèsì ti pọ̀ jù nínú yàrá ni, ó sì gé béèsì kúrò. Béèsì, ohùn bàbá náà gan-an! Láti ojú títì dé ilé náà ni mo fi sáré, bàtà tuntun ń há mi lẹ́sẹ̀.

Mo pẹ́ jù. Iná ti dé, jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, ènìyàn kún pálọ̀ fọ́fọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sì ti tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn tín-ín-rín ló ń jáde, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifóònù. Ìyá náà jókòó síwájú, ó tẹ́tí sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ló wí. "Ohùn bàbá yín kọ́ nìyẹn." Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Àbí mo ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín pálọ̀. "Ẹ ò gbàgbé o, Mà. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì dúró, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn àlejò wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹnì kan tilẹ̀ bá mi pàtẹ́wọ́, ó rò pé orin ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fa sípíkà kúrò ní igun ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan bọ́tìnnì béèsì, mo dá ọwọ́ dúró. Mi ò gbọ́ ohùn bàbá náà rí láyé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tó yẹ kó jìn dé? Mo tún tẹ kásẹ́ẹ̀tì, mo bẹ ìyá kí ó wá jókòó tì mí. Ó di ojú, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Ó jìn ju báyẹn lọ. Ṣì máa lọ. Ó tó, ó tó! Ọkọ mi kì í ké bíi màlúù."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀, níbi tí bàbá náà ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó dá orin. Bó ṣe wúkọ́ ni ìyá di ọwọ́ mi mú pinpin.

"Fi í síbẹ̀." Ó wá yíjú sí sípíkà. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá wọn."

Ọ̀gá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó bu oṣù mẹ́ta lé ọdún mẹ́rin mi, mi ò jiyàn. Lóde òní, fóònù pàápàá ń to ohùn yàrá, mi ò sì bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀tá. Wọ́n yára jù mí lọ, wọ́n sì mọ ògiri dáadáa. Mo máa ń dúró kí iná dé, kí onílé pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ̀rọ tó ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá fi ọwọ́ ara mi parí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ ìyá náà pè mí. Ìyá ti lọ bá ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti da kásẹ́ẹ̀tì náà sínú kọ̀ǹpútà, ọmọ náà tí kò bá bàbá àgbà láyé sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tuntun to pálọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kò lálèébù. Síbẹ̀ ohùn náà kò jìn tó. Ẹ̀rù bà mí, bóyá etí tèmi náà ti ń gbàgbé. Mo di ojú, mo ti béèsì sókè díẹ̀díẹ̀, mo dá a padà, títí bàbá náà fi wúkọ́ bó ṣe wúkọ́ lọ́jọ́sí.

"Ṣé bí ohùn wọn ṣe rí nìyẹn?" ni ọmọ náà bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí, èmi tí mi ò fojú kan bàbá náà rí. "Ìyá rẹ àgbà ló fi ọwọ́ mi síbẹ̀."