Ọ̀sán tí Mo Rò Pé Jésù Ti Wá Lọ

Ọmọ mi, kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú Ádífẹ́ǹtì, àsìkò ìmúra de Kérésìmesì, ní ọdún tí ogun parí ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé bọ́ sí. Oníwàásù ti ní ká múra de Jésù, pé ẹni tó bá ń bínú yóò kù sílẹ̀ bó bá wá kó àwọn tirẹ̀ lọ. Èmi àti ìyálé mi kò sì kí ara wa, nítorí odó rẹ̀ tó là mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ti ọjà Ìpàtà dé, ilé pa lọ́lọ́. Ìkòkò ń hó lórí iná, kò séèyàn. Mo figbe ta: "Jésù ti kó wọn lọ!"

Ìyálé mi sáré yọ láti ẹ̀yìnkùlé. "Ìyàwó, àwa méjèèjì ló kù?"

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá Bọ́lá!"

A dì mọ́ra, à ń sunkún. Àṣé ọmọ tuntun aládùúgbò lará ilé lọ kí.

Látìgbà náà, bí Ádífẹ́ǹtì bá dé, kí n tó gbá ilé, ẹni tí mo ṣẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá lọ.