Ọṣẹ Tí Ọmọ Méjì Sè

Inú ń bí mi títí di òní, n kò sì ní fi bò. Ilé ìwé ọmọbìnrin mi ní Koumassi, ní ilẹ̀ elédè Faransé tí a ń gbé níbí, ló ní kí àwọn ọmọ CM1, àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní méjì-méjì, kí ìgbìmọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó bá borí ni yóò ṣojú ilé ìwé níbi ìpàtẹ ńlá ní Plateau, àárín ìlú. Ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ ará ilé tó kọjú sí tiwa, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ láyé yìí ju Plateau lọ.

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí wọ́n se ọṣẹ dúdú, bí ìyá mi ṣe ń sè é ní Ìgbòho. Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ wọn ni. Àwọn ló lọ tọrọ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dín àlókò, ìyẹn dòdò, lẹ́bàá títì. Wọ́n sá a sórí páànù títí ó fi gbẹ. Èmi ni mo sun ún, nítorí n kò lè jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi iná ṣeré, èmi náà ni mo ro ó pọ̀ mọ́ àdín lórí iná. Ṣùgbọ́n àwọn ló kó eérú sínú asẹ́, tí wọ́n bu omi sí i, tí wọ́n jókòó ti omi eérú tó ń kán bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ ni ọmọ ará ilé yìí ti ṣèèṣì da bísápù, ìyẹn zobo, tó ń mu sínú rẹ̀. Bísápù tó pupa fòò, ló bá di àwọ̀ ewé! Àwọn méjèèjì pariwo. Wọ́n bu bísápù mìíràn, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó tún pupa sí i. Wọ́n bu omi lásán sí òmíràn, kò yí padà. Èmi tí wọ́n bí sídìí ọṣẹ, n kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ló ń ṣàlàyé fún mi, orí mi sì wú.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ ilé ìwé, wọ́n ní kí àwa òbí dúró sẹ́yìn. Màdáámù kan nínú ìgbìmọ̀ gbóòórùn ọṣẹ, ó wo ife bísápù pupa àti èyí tó ti di àwọ̀ ewé, ó rẹ́rìn-ín, ó bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe màmá ló ṣe gbogbo rẹ̀.

"Les filles, c'est maman qui a fait tout ça, hein?"

"Non, madame! C'est nous deux!" Ọmọ ará ilé ló dáhùn pé rárá, àwọn méjèèjì ni, ojú rẹ̀ ń wo ojú màdáámù.

Màdáámù kọjú sí ọmọ mi, ó ní ìwọ ńkọ́, ṣé kì í ṣe màmá ni? "Et toi? C'est maman, non?"

Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Oui, madame."

Mo mọ ibi tó ti rí i kọ́. A kì í já àgbà ní irọ́. Bí àgbà ilé wa bá ní ìwọ lo fọ́ abọ́, wàá ní "ẹ má bínú, mà". Bí inú wọn bá rọ̀ tán, a óò wá bá ọ sọ òótọ́ fún wọn. Kò sí àgbà kan lọ́dọ̀ wa tó ń ka "bẹ́ẹ̀ ni" ọmọdé sí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún màdáámù? Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wo ohun tí ẹ̀ṣọ́ ṣe fún wa lóde.

Màdáámù fọwọ́ pa ọmọ mi lórí, ó ní eléyìí kúkú jẹ́ olóòótọ́. Ó wá yíjú sí èkejì, ó pè é ní menteuse, òpùrọ́, níwájú gbogbo èèyàn. Ọmọ yẹn kò wo màdáámù mọ́. Ọmọ mi ló ń wò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Mo já síwájú. "Madame, c'est eux qui a fait!" Àwọn ló ṣe é ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n Faransé ọjà Treichville nìkan ni mo gbọ́, àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Màdáámù ní, "Ah, voilà la maman," ìyẹn ni pé màmá ọ̀hún rèé, ó sì kọjá sí tábìlì kejì. Òkè oníná àtọwọ́dá kan ló gbégbá orókè, èyí tí bàbá ọmọ kan àti dírẹ́bà rẹ̀ jọ gbé wọlé, tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ olókè oníná yẹn ní ìbéèrè kankan. Ìkà èèyàn!

Nígbà tí a ń wọ takisí akérò tí wọ́n ń pè ní wọ́rọ́wọ́rọ́ padà sílé, ọmọ ará ilé kọ̀, ó ní òun yóò fẹsẹ̀ rìn. Ó bi ọmọ mi léèrè pé, "Elle, c'est ta mère?" Ṣé ìyá rẹ ni màdáámù yẹn? Láti ìgbà náà, kò wọ ilé wa mọ́.

Lánàá, mo ń bu oúnjẹ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi wá dúró tì mí.

"Màámá, ọ̀rẹ́ mi sọ òótọ́, wọ́n ní menteuse ni. Èmi ni mo purọ́, wọ́n ní mo ṣe dáadáa. La prochaine fois, tó bá tún di ìgbà mìíràn, kí ni kí n sọ?"

Mo bu tirẹ̀ sínú abọ́. Mo ní kó jókòó, kó jẹun kó tó tutù.