Iṣu Ìkórè Lábẹ́ Agbádá

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adó, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kéékèèké bọ́ síwájú wá kọrin nígbà tí àwọn àgbà bá ń dá ọrẹ. Mo ti ki ọwọ́ bọ báàgì kí wọ́n tó gbé orin Ìjàpá kan tí mo mọ̀ láti kékeré. Ọwọ́ mi kò jáde mọ́. Gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Fíkà pàápàá ń mi orí, èmi nìkan ni mo sorí kodò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin, tó wà lára àwọn akọrin, padà wá jókòó, ó béèrè bóyá inú ń run mí ni. Mo ní rárá. Ojú ló ń tì mí, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìtìjú tó ju ọmọ náà lọ lọ́jọ́ orí?

Emùré ni wọ́n ti tọ́ mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí gbogbo ẹnu ń pe "ìpínlẹ̀ wa" bí ẹni ń pe orúkọ ìkókó. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó, nínú ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ pọ̀ ju àga lọ. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Màámi ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé wa kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, àwọn aládùúgbò sì máa ń sá kòkó síwájú ilé, tó fi jẹ́ pé òórùn kíkan rẹ̀ a bá wa dé ìdí oúnjẹ, a sì bá wa dé ìdí àdúrà. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kòkó tútù, ó ń ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni Màámi fi gbogbo ọkàn ṣe: ilé-ìwé ọjọ́ Ìsinmi tó ń darí, àti ìtàn tó ń kọ fún àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, a tan àtùpà sórí tábìlì, Bíbélì a wà lọ́tùn-ún, bébà a wà lósì. Yóò gbàdúrà kó tó kọ, bí ìtàn bá sì pa á lẹ́rìn-ín jù, yóò tún gbàdúrà. Ohun tó ń wá kò ju ìwé kan ṣoṣo lọ, ìwé tí wọ́n ya àwòrán sí, tí ọmọ Emùré yóò ṣí, tí yóò bá ìlú rẹ̀ nínú rẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Fíkà tuntun dé. Ó ránṣẹ́ pe Màámi, ó sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé iwin olórí mẹ́ta àti oògùn tí Ìjàpá ń sà kò yẹ létí ọmọ tí a ti sàmì fún. Màámi kò jiyàn. Ó délé, ó lé gbogbo iwin jáde nínú ìtàn, ó sì sàmì fún Ìjàpá. Ìjàpá di ọmọ ìjọ. Yánníbo aya rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ìjàpá kò purọ́ mọ́, kò rẹ́ àna rẹ̀ jẹ mọ́. Ó ń jí lówùúrọ̀, ó ń ka Sáàmù. Bàbá mi ka ìtàn náà lọ́jọ́ Ẹtì, oorun gbé e lọ lórí àga. Àwa ọmọdé gbọ́ ọ títí dé òpin, a ní, lẹ́yìn náà ńkọ́? Màámi rí i pé òun ti fọ aṣọ náà títí ó fi ya. Ló bá gbà fún Ìjàpá kó jí ẹyọ iṣu kan péré, lára iṣu Ìkórè tí wọ́n kó síwájú pẹpẹ, kó gbé e sábẹ́ agbádá. Iṣu náà wá ń hù lábẹ́ aṣọ, ó sì dójú tì í láàrin ìjọ. Lójú Màámi, ẹ̀kọ́ ti wọ inú rẹ̀, adùn kò sì sọ nù. Orin rẹ̀ nìyí:

*Ìjàpá, kí lo gbé sábẹ́ agbádá?*
*Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́ o, kẹ̀rẹ̀ńkẹ́.*
*Ikùn mi ló wú, ẹ má dá mi dúró.*
*Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́ o, kẹ̀rẹ̀ńkẹ́.*
*Ikùn wo ló ń hù bí iṣu Ìkórè?*
*Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́ o, kẹ̀rẹ̀ńkẹ́.*

Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la ti máa ń gbọ́ àlọ́ náà. Òfin Màámi ni pé kò sí àlọ́ bí Katikísímù kò bá tíì parí. Yóò bi wá, a óò dáhùn, yóò tún bi wá, a óò tún dáhùn. Bí ìdáhùn ìkẹyìn bá ti bọ́ lẹ́nu wa, a kì í dúró gbàṣẹ: a ó pàtẹ́wọ́, Dúpẹ́ ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa, tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, a sì lé orin Ìjàpá. Kò sí ọmọ ìjọ tó mọ Katikísímù tó wa ní gbogbo agbègbè yẹn. Ebi àlọ́ ló kọ́ wa.

Lọ́dún yẹn, Bíṣọ́ọ̀bù wá láti gbọ́wọ́ lé àwọn tó ti dàgbà tó lórí. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí àwa kéékèèké bọ́ síwájú, òun fẹ́ gbọ́ Katikísímù wa. Ó bi wá, a dáhùn ṣáká. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo Màámi, Màámi wolẹ̀ fún ayọ̀. Bí ìdáhùn ìkẹyìn ti parí, àtẹ́wọ́ bọ́ lọ́wọ́ wa láìròtẹ́lẹ̀, Dúpẹ́ sì lé e: Ìjàpá, kí lo gbé sábẹ́ agbádá? Gbogbo wa gbè é.

Bàbá Ìjọ jókòó sí iwájú. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, ó síngbọnlẹ̀, agbádá rẹ̀ ló sì gbòòrò jù nínú ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Òun náà ló ń ṣe àkóso iṣu Ìkórè lọ́dọọdún. Ojú gbogbo ìjọ yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Màámi kò ní in lọ́kàn rárá. Ó kàn ń wá ibi tí Ìjàpá yóò fi iṣu pamọ́ sí ni. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn yòókù ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Ìjọ rọra kó agbádá rẹ̀ jọ mọ́ àyà, ìyẹn ló sì bà á jẹ́ pátápátá, nítorí ó wá dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ lóòótọ́.

Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gba ilé-ìwé ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́ Màámi, wọ́n sì ní kó má ṣe wá síbi Oúnjẹ Olúwa títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi tán nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ìjọ, ìlà kọ̀ọ̀kan ló máa ń dìde lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ìlà tiwa dìde, Màámi nìkan ló jókòó, àwọn èèyàn ń gba iwájú orúnkún rẹ̀ kọjá, wọ́n ń ní kó jọ̀ọ́. Mo jókòó tì í nítorí n kò tíì tó ẹni tó ń gbà á. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé àwa méjèèjì mì. N kò bínú sí i. Ojú tì mí láti wo ojú rẹ̀ ni.

Ó mú mi dání lọ bẹ Bàbá Ìjọ. A bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sóòrùn. Màámi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná náà, ó ní kó foríji òun. Bàbá náà dá ẹsẹ̀ dúró lórí kòkó.

"Ọmọ mi," ló wí, "uṣu ulé mi tó mi í jẹ."

Ó ní iṣu ilé òun tó òun jẹ láìjalè, pé òun kò bínú, òun sì mọ̀ pé kò gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n orin náà ń pàdé òun lọ́nà oko, ó ń sin òun wálé, ọmọ ọmọ òun pàápàá ń kọ ọ́ níwájú òun láìmọ̀. Ó ní òun kò lè gbé agbádá wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹkún ni Màámi sun títí a fi délé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó kọ ẹsẹ kan kún orin náà, ó sì bẹ Fíkà kí wọ́n jẹ́ kí òun fi kọ́ àwọn ọmọ. A kọ ọ́ dáadáa níwájú àwọn àgbà. Nígbà tí a bọ́ sójú ọ̀nà, ti tẹ́lẹ̀ la tún ń kọ. Ọmọdé kì í fi Ìjàpá tó ti ronú pìwà dà ṣeré. Màámi padà síbi pẹpẹ, ṣùgbọ́n kò kọ ìtàn kankan mọ́. Ó di gbogbo bébà náà sínú aṣọ, ó ní ẹnu òun ti ba ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Bùbá lásán ni Bàbá Ìjọ ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú. Ọjọ́ tí a sin ín ni mo tún rí agbádá náà lọ́rùn rẹ̀.

Ayé ti yí. Lónìí, Ìjàpá ń sáré lójú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nínú àwòrán tó ń rìn, Fíkà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí i, nítorí ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà yẹn, ìyá mi ì bá ti ní ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fi dá ọmọdé lára yá ṣì lè lọ jókòó lé àgbà lórí, kó má sì dìde mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà, mo pe Màámi lórí fóònù ní Emùré, mo sì gbé ohùn fóònù náà síta. Ó ti darúgbó. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó béèrè:

"Ṣé wọ́n kọ ẹsẹ ìkẹyìn?"

"Wọn ò kọ ọ́, Màámi."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tínrín, ó ń gbọ̀n, orin tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà èwe mi:

*Mo gbé e kalẹ̀, Olúwa, mo gbé e kalẹ̀.*

"Kẹ̀rẹ̀ńkẹ́ o, kẹ̀rẹ̀ńkẹ́," ni ọmọ mi gbè é láti ibi tó ti ń ṣeré.

*Agbádá mi fúyẹ́, mo lè kúnlẹ̀ wàyí.*

Ọmọ náà tún gbè é. Màámi kọ ọ́ títí ọmọ fi mọ̀ ọ́n, ó wá ní ó dàárọ̀. Ọmọ mi wá dúró tì mí, ó béèrè ẹni tó ni agbádá náà. Mo fà á mọ́ra. Mo ní bàbá kan ni, ní Emùré, àgbẹ̀ ni, àti pé kò jí iṣu ẹnikẹ́ni rí.