Ilé-iṣẹ́ Tó Kọ Ọ̀rọ̀ àti Èyí Tí Kò Kọ

Òórùn náílọ̀n tuntun àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù sídíì kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Post Office nílùú wa nígbà náà. Ibẹ̀ lèmi àti àbúrò mi obìnrin ti ń ra ánímè, àwọn káátúùnù ilẹ̀ Japan wọ̀nyẹn. Àìsàn ti gba etí àbúrò mi láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ o, ó sì ń kàwé bí ẹni ń mumi, ṣùgbọ́n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó gba ẹ̀tọ́ láti gbé káátúùnù náà jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ máa ń wò lára páálí. Ọ̀kan wà tí a fẹ́ràn gan-an. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, títí kan pé òjò ń rọ̀, pé ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn. Àlùbáríkà ni fún ọwọ́ tó ń kọ ọ́.

A ti ń bá ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń wá bàbá rẹ̀ bọ̀ nígbà tí ẹ̀tọ́ apá ìparí bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Háà, àwọn yẹn! Páálí wọn ń dán yinrin, ṣùgbọ́n ohùn Òyìnbó nìkan ni wọ́n kì sínú rẹ̀, wọn ò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọbìnrin náà rí bàbá rẹ̀, ẹnu àwọn méjèèjì ń mì, àbúrò mi ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n ń sọ?" Màmá wa tó jókòó tì wá, tí òun gan-an ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ júwe fún un pé a ó sọ fún un tó bá yá. Ohun tí gbogbo ẹbí máa ń wí fún un nìyẹn, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi wòlímọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó bú sẹ́kún.

"Tó bá yá ìgbà wo? Mo fẹ́ kà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni!"

Inú bí mi. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n dúpẹ́ pé mo ra ọjà wọn, ó parí síbẹ̀. Mo ní kò burú, èmi ni màá kọ ọ́. Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà, màá gbọ́ gbólóhùn kan, màá dá a padà, màá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí òun la fi ń bínú, òun la fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nílé wa. Níbi tí ọmọ yẹn ti tẹrí ba fún bàbá rẹ̀, "hẹ́lò" lásán ni ohùn Òyìnbó wí. Ta ló ń kí bàbá ẹ̀ báyẹn? "Ẹ kú àtijọ́, bàbá mi," ni mo kọ. Ọrùn ń dùn mí, iná ọba ń já mi kulẹ̀, mi ò jáwọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan la jókòó wò ó. Màmá náà ń kà á, torí ó ti kọ́ kíka Yorùbá ní ilé-ìwé àgbà, àmọ́ kò yára, àbúrò mi ló ń dá àwòrán dúró fún un. Màmá nàka sí bàbá ọmọ inú káátúùnù náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti béèrè ìdí tí kò fi dáhùn.

"Ojú ló ń tì í, Màmá," àbúrò mi ní. "Ẹ ṣe sùúrù, yóò sọ̀rọ̀."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí ó fi parí. Èmi tí mo kọ ọ́, n kò lè ka ìlà tó kẹ́yìn, omi ti kún ojú mi.

Bí ẹ bá bi mí lónìí pé ilé-iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ràn, n kò ní wo páálí, n kò ní bi yín bí ohùn ṣe dùn tó. Màá pa ohùn náà ni. Tí ìtàn náà ò bá kú, ilé-iṣẹ́ mi nìyẹn.